Ẹ̀wà Tí Wọ́n Ń Bù fún Ère Mi

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, mo mọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mo ń jẹ búrẹ́dì àti ẹyin ní Oldham níbí, wọ́n ti ń bu ẹ̀wà síwájú ère mi ní Òṣogbo, bí wọ́n ti ń ṣe fún ìbejì tó bá kú.

Ìbejì ni wá lóòótọ́. Táyé ló kọ́kọ́ jáde, èmi Kẹ́hìndé sì ni ẹ̀gbọ́n. Ẹ má bá mi jiyàn. Kásẹ́ẹ̀tì ni bàbá wa máa ń fi ránṣẹ́ sí ìyá wọn dípò lẹ́tà. Lọ́dún kan, ọ̀fun ń dùn mí, ohùn Táyé nìkan ló délé. Màmá àgbà ní wọ́n ń fi ikú mi pamọ́ fún òun. A fi ohùn àwa méjèèjì ránṣẹ́. Màmá ní Táyé ló ń ṣe ẹni méjì, kódà lórí fóònù. Wọ́n ní kí wọ́n gbẹ́ ère mi. Màmá ò jẹun mọ́. Bí fóònù bá ti dún báyìí, bàbá mi á fò dìde.

Tẹlifíṣọ̀n ni bàbá mi ń tún ṣe lọ́jà Ashton. Wọ́n wá rántí òyìnbó kan nílẹ̀ yìí, tó lọ wo sinimá láyé àtijọ́, tí òṣèré wà lọ́tùn-ún, tí ohùn rẹ̀ ń ti òsì wá. Òun ló ronú pé bí etí èèyàn ti jẹ́ méjì, ó yẹ kí ẹ̀rọ tó ń gba ohùn ní etí méjì. Bàbá mi wá máíkì méjì, wọ́n fi Táyé sọ́tùn-ún, èmi sósì, wọ́n ní ká jọ kí màmá lẹ́ẹ̀kan náà.

"Kẹ́hìndé, gbé ẹ̀rín yẹn mì! Ẹ̀mí ìyá mi ló wà níbẹ̀ yẹn."

Kásẹ́ẹ̀tì délé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi pè láti Òṣogbo: rédíò onísípíkà kan ni wọ́n fi gbọ́ ọ. Màmá ń sunkún pé ọmọ kan náà ni, kí wọ́n má tan òun mọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, sípíkà méjì!" Bàbá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú fóònù. "Ẹ gbé màmá jókòó sáàárín!"

Tíṣà kan ládùúgbò ló ní irú ẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n máa gbé màmá lọ.

Lónìí, ọmọ mi á tẹ fóònù, á rí ojú ìyá àgbà tirẹ̀, á tún máa bínú pé nẹ́tíwọ̀kì ò dáa. Àwa, ṣe là ń dúró. Kò sẹ́ni tó jẹun lọ́jọ́ náà, àfi Táyé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, fóònù dún. Èmi ni mo gbé e; ohùn màmá ni.

"Ta ló wà lósì?"

"Èmi ni, mà. Kẹ́hìndé."

Wọ́n mí kanlẹ̀.

"Ẹ̀wà rẹ ni mò ń jẹ lọ́wọ́ báyìí."