Jẹnẹrétọ̀ tí a rà ní Ṣàpọ́n

Nígbà tí iná ìjọba di ségesège, èmi àti ọkọ mi lọ ra jẹnẹrétọ̀ ní Ṣàpọ́n. Ńlá ni mo fẹ́, nítorí firísà mi. Ọkọ mi ní kí ẹni tó ń tà á tan wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí èmi lọ dúró lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, òun á máa sọ̀rọ̀ sí mi láti ibẹ̀. Ó ní, “Kí la fẹ́ fi iná ṣe nínú ilé tí a ò ti ní lè gbọ́ ara wa?”

Nígbà tí wọ́n tan ti ńlá yẹn, mo parọ́ pé mo gbọ́ ohun tó sọ. Ó bi mí pé kí lòun sọ, mo ní kí wọ́n tan òmíràn. Kékeré kan tó ń fi bẹntiróòlù tan, tó ń fi kẹrosíìnì ṣiṣẹ́, ni mo ti gbọ́ ohùn ọkọ mi. Òun la gbé lọ sílé l’Ówu. Kò lè gbé firísà, èéfín rẹ̀ sì sọ ògiri mi di dúdú. Mo bínú gan-an.

Lẹ́yìn ikú ọkọ mi, ọmọ wa ra òmíràn fún mi, oníbẹntiróòlù àti gáàsì. Ó gbé firísà, kì í sì í pariwo. Tí ẹnikẹ́ni bá pè mí láti inú yàrá, n óò gbọ́ kedere. Mo ṣì máa ń tẹ́tí.