Ìwé Tí Bàbá Ẹ́ńjìnnì Ń Fọwọ́ Sí

Ọdún kejìlélógún rèé tí Bàbá Ẹ́ńjìnnì ti ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀ ilé ìwòsàn ńlá kan. Ìwé mẹ́fà péré ló kà, ṣùgbọ́n tó bá ti gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì láti ẹnu ọ̀nà báyìí, ó ti mọ ibi tó ń dùn ún.

Lọ́dọọdún ni yunifásítì ń rán akẹ́kọ̀ọ́ wá sọ́dọ̀ rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, kí wọ́n lè fọwọ́ ara wọn ṣe ohun tí wọ́n kà nínú ìwé. Bàbá kì í jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan nǹkan kan. Wọ́n á gbálẹ̀, wọ́n á nu irin, wọ́n á lọ bá a ra oúnjẹ. Tí ẹ́ńjìnnì bá yọnu, á lé wọn síta, á ti ìlẹ̀kùn. Lọ́jọ́ ìkẹyìn, á kọ "Ó mọṣẹ́ dáadáa" sínú ìwé iṣẹ́ wọn, á sì fọwọ́ sí i. Ẹ má bínú sí i jù, ẹ̀rù ló ń bà á. Bí ẹni tó mọ̀wé bá tún wá mọ iṣẹ́ ọwọ́, kí ni wọ́n tún fẹ́ fi òun ṣe?

Ọ̀kan nínú wọn padà wá lọ́dún yìí, ó ti di ẹnjiníà, ó di ọ̀gá Bàbá. Kò gbéra ga o, "Bàbá mi" ló ṣì ń pè é. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Bàbá lọ gba oògùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì gbóná jù. Ẹnjiníà pa á, ó ní kóun wo omi rẹ̀, ló bá ṣí ìdérí ràdíétọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì fún ọ̀sẹ̀ kan péré kò jẹ́ dán an wò. Omi híhó tú lù ú lójú àti láyà.

Àwọn òṣìṣẹ́ kan ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé yunifásítì kọ́ ọ títí, wọn ò sọ fún un pé omi máa ń hó. Bàbá ò lè rẹ́rìn-ín. Ó mọ ẹni tó yẹ kó ti sọ fún un.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọmọbìnrin tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tọdún yìí gbé ìwé tirẹ̀ wá.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ bá mi fọwọ́ sí i. Òní ni wọ́n ń gbà á kẹ́yìn ní yunifásítì. Bí mi ò bá rí i mú fún wọn, màá tún ọdún yìí ṣe ni."

"Tí ẹ́ńjìnnì yìí bá gbóná jù, kí lo máa ṣe?"

"Màá pa á. Màá sì bu omi sí i."

Ohun tí ẹnjiníà ṣe gan-an nìyẹn. Ó jókòó, ó fara balẹ̀ kọ ọ́: "Ilẹ̀ ló fi oṣù mẹ́fà gbá. Mi ò kọ́ ọ ní nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe fún ẹnjiníà tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì." Ó fọwọ́ sí i.

Ọmọ náà kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Kí ni mo ṣe yín, Bàbá?"

"O ò ṣe mí ní nǹkan kan. Wọ́n lè lé èmi náà lẹ́nu iṣẹ́. Sún mọ́bí, jẹ́ n fi bí wọ́n ṣe ń ṣí ìdérí ràdíétọ̀ hàn ọ́."

Ọmọ náà ti ìwé bọ àpò rẹ̀, ó sì jáde láì dúró kọ́ ọ.