Ọmọ Tó Ń Darí Bàálù, Tí Kò Lè Tún Ọ̀rọ̀ Àgbà Ṣe

Ẹni tó bá rò pé inú ilé-ìwé nìkan ni ọgbọ́n wà, kó wá wò mí. N kò jókòó lórí bẹ́ńṣì ilé-ìwé rí. Lára bébà ìwé ìròyìn tí wọ́n fi ń di ọṣẹ ni mo ti kọ́ ìwé kíkà, síbẹ̀ kò sí rédíò tó kú tí n kò lè jí. Ọ̀gágun kan gbé tirẹ̀ wá nígbà kan, omi ti wọ̀ ọ́ débi pé ẹja ń bẹ nínú rẹ̀. Kí ó tó fa sìgá kan tán, rédíò ti ń fọhùn. Ẹja náà ṣì ń mí.

Nítorí náà ẹnu kò yà mí nígbà tí ọmọ ọmọ mi obìnrin ní iṣẹ́ dídarí bàálù lòun fẹ́ lọ kọ́ ní yunifásítì. Elétí ni mo ń pè é, torí láti kékeré ló ti ń mọ rédíò tó ń ṣàìsàn yàtọ̀ sí èyí tó ń kú lọ. Iṣẹ́ àwọn tó ń jókòó sínú ilé gogoro ní pápákọ̀ òfurufú ni, tí wọ́n ń fi rédíò sọ fún awakọ̀ pé gòkè, sọ̀ kalẹ̀, dúró ná. Iṣẹ́ etí àti ẹnu ni. Etí, ó ní in. Ẹnu ló dá wàhálà sílẹ̀.

Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi ń ṣe dáadáa, nínú ìmọ̀ ojú ọjọ́, nínú ìṣirò, nínú òfin òfurufú. Ní ọdún kẹrin, wọ́n mú wọn wọ yàrá ìdánrawò, yàrá tó ṣókùnkùn, tí bàálù inú rẹ̀ jẹ́ àmì lásán lójú ẹ̀rọ. Bàbá arúgbó kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí wíwa bàálù ló ń ṣe awakọ̀ fún wọn, ó ń dá wọn lóhùn láti yàrá kejì. Òfin wọn ni pé ohun tí o bá sọ fún awakọ̀, ó gbọ́dọ̀ tún un sọ fún ọ. Bí kò bá rí bákan náà, kí o tún un ṣe lójú ẹsẹ̀.

Lọ́jọ́ ìdánwò, bàálù mẹ́tàdínlógún ló wà lójú ẹ̀rọ. Elétí ní kí bàbá sọ̀ kalẹ̀ dé ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ẹsẹ̀ bàtà. Bàbá ní òun ń sọ̀ kalẹ̀ dé ẹgbẹ̀rún méje. Ó mọ̀ọ́mọ̀ sọ ọ́ lódì ni, láti dán an wò. Bàálù mìíràn sì wà ní ẹgbẹ̀rún méje.

Elétí gbọ́ ọ ketekete, ó sì dákẹ́. Àmì méjèèjì wọnú ara wọn, ojú ẹ̀rọ pọ́n kuku.

Wọ́n bi í léèrè ìdí. Ó ní, "Àgbà ni wọ́n. Mo rò pé wọ́n mọ nǹkan tí èmi kò mọ̀."

Wọ́n fún un ní ọjọ́ márùn-ún. Bí ó bá tún fìdí rẹmi, kó wá ẹ̀kọ́ mìíràn lọ.

Ó wálé, kò jẹ, kò mu. Ìyá rẹ̀, ọmọ mi tó ń ránṣọ, gbójú sókè nídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀kọ́ ilé tí ẹ kọ́ ọ ló gbé e ṣubú o."

"Òun náà ni mo kọ́ ìwọ."

"Abẹ́rẹ́ lèmi ń darí. Abẹ́rẹ́ kì í kọlu abẹ́rẹ́ lójú ọ̀run."

Wọ́n ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ̀ṣọ́ tí mo kó fún ọmọ yìí ti fún un lọ́rùn. Nínú ilé mi, bí mo bá ní dúdú ni ẹyin adìẹ, dúdú ni.

Mo to bátìrì sórí tábìlì iṣẹ́ mi, mo sọ wọ́n di bàálù. Mo ní, "Èmi ni awakọ̀. Darí mi."

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀ dé ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ."

"Mò ń sọ̀ kalẹ̀ dé ẹgbẹ̀rún méje."

Ó wolẹ̀. Ọjọ́ méjì la fi ṣe é, ilẹ̀ ló ń wò. Lọ́jọ́ kẹta, ó gbé orí sókè.

"Rárá, Bàbá. Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ni mo wí."

"Ta lò ń sọ rárá fún?"

Ó ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Mo ti gbá tábìlì, bátìrì ti fọ́n ká ilẹ̀. Ọmọ náà ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń bẹ̀ mí kí n má bínú. Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. Ìyá rẹ̀ ń wò mí.

Kò wá sídìí tábìlì mọ́. Mo ń gbọ́ ọ nínú yàrá tó ń sọ "Rárá, ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ" fún ògiri, ohùn rẹ̀ ń rẹlẹ̀ sí i. Rédíò tí mo ti tún ṣe kò lóǹkà, ṣùgbọ́n mi ò tíì fọwọ́ ara mi ba ọ̀kan jẹ́ rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó ń padà lọ, èmi ni mo gbé báàgì rẹ̀ dé ibùdókọ̀. Mo gbé e kalẹ̀ láàárín èrò.

"Darí mi."

"Níbí, Bàbá? Àwọn èèyàn ń wò wá."

"Ṣé ìkọ̀kọ̀ lo ti fẹ́ máa bá àwọn awakọ̀ sọ̀rọ̀ lórí rédíò ni?"

Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ sọ̀ kalẹ̀ dé ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ."

"Ẹgbẹ̀rún méje."

Ọkọ̀ rẹ̀ dé, èrò ń wọlé. Ó di ojú, bí ẹni tó ń retí ìgbátí.

"Rárá. Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ."

Mo ní, "Mo ṣì í sọ. Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ. Mo gbọ́."

Ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni mí. Gbólóhùn yẹn kò tíì gba ẹnu mi kọjá rí. Bí ìgbà tí wọ́n ń fa eyín ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó pè mí lórí fóònù.

"Bàbá, wọ́n tún sọ ọ́ lódì."

"Kí lo wá ṣe?"

"Mo tún un ṣe."

"Kí ni arúgbó náà wí?"

"Wọ́n ní àwọn gbọ́. Mo yege. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, Bàbá, èèyàn ni yóò wà nínú bàálù náà."

Mo yíjú sí àwọn oníbàárà tó ń dúró de rédíò wọn, mo ní ọmọ mi ló ń bá mi sọ̀rọ̀ yìí, tó ń fi ẹnu kan darí bàálù mẹ́tàdínlógún.

Ohùn rẹ̀ jáde láti inú fóònù, kò yára, kò gbọ̀n. "Bàálù méjì péré ni, Bàbá, kì í ṣe mẹ́tàdínlógún."

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń wò mí.

Mo ní, "Méjì. Mo gbọ́."