Ta Ni Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́ Yìí?

Bí ẹ bá dé Chadwell Heath, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lónìí, tí ẹ bèèrè Màmá Fọlákẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará ìjọ aláṣọ funfun, ọ̀rọ̀ ọjọ́ tó mú ọmọ bíbí inú rẹ̀ lọ sí sùkúù, tó ní ìyá òun ni, ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ fún yín. Wọn yóò rẹ́rìn-ín títí, wọn yóò máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Yéwándé, ọmọ tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí, a máa bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tirẹ̀ kì í pẹ́ tán lẹ́nu.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Màmá, tí orúkọ òun fúnra rẹ̀ ń jẹ́ Fọlákẹ́, ti di ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin kó tó forúkọ sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà kan, lẹ́yìn àwọn ṣọ́ọ̀bù High Road. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún náà ń kẹ́kọ̀ọ́ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé yẹn. Màmá ní kí ìwé kíkà lè tètè yọ̀ mọ́ òun lẹ́nu, gbogbo ohun tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ ògiri ni òun yóò máa kà. Ó ka ìkìlọ̀ iná, ó ka àkọsílẹ̀ oúnjẹ ọ̀sán, ó wá ka ìwé tí wọ́n lẹ̀ fún àwọn ọmọ òkè: kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mú bàbá tàbí ìyá rẹ̀ wá ní Ọjọ́bọ̀, kí àwọn tíṣà lè bá wọn sọ̀rọ̀. Màmá Fọlákẹ́ yẹ ara rẹ̀ wò, ó rí i pé akẹ́kọ̀ọ́ ni òun.

Ó délé, ó pe Yéwándé. "Ìyá mi, Thursday, ẹ má lọ síbì kankan o. Tíṣà fẹ́ rí yín."

Kí ẹni tí kò mọ̀ lè mọ̀: ọdún tí ìyá Màmá Fọlákẹ́ kú ni wọ́n bí ọmọ yìí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Yéwándé, ìyá wá mi dé. Ọmọ ni, ìyá sì ni. Lójoojúmọ́, ọmọ ni: òun ló ń fọ abọ́, òun ló ń gbé ìdọ̀tí jáde. Ìgbà tí Màmá bá fẹ́ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ ló tó ń di ìyá.

Yéwándé, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì, tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́nu géètì ibùdókọ̀ ojú irin, rò pé Màmá ti ba nǹkan jẹ́ ní sùkúù ni, ló bá tẹ̀lé e. Wọ́n jókòó síwájú Eden, tíṣà ìṣirò, ọ̀dọ́kùnrin kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì kún. Ó wo àwọn méjèèjì.

"So, ta lẹ mú wá, Màmá?"

"Ìyá mi nìyí."

Eden wo Yéwándé. Ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Ó tún wo Yéwándé.

"Mummy, please now," Yéwándé sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "ẹ má dójú tì mí."

Màmá yíjú sí Eden. "Ṣé o gbọ́ bó ṣe ń bá mi wí? Bó ṣe máa ń ṣe náà nìyẹn kó tó kú."

Eden yìí rí nǹkan. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí Màmá wọlé, ó ya pizza kan sójú pátákó, ó pín in sí ọ̀nà mẹ́jọ, ó ní ènìyàn mẹ́jọ ló fẹ́ jẹ ẹ́, kí ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan? Gbogbo kíláàsì ní ìdá kan nínú mẹ́jọ. Màmá nawọ́.

"Ta ló dàgbà jù nínú wọn?"

Eden ní ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí kò sí nínú ìṣirò náà.

"Ó dáa. Ta ló rà á? Ṣé kò sí aboyún láàárín wọn?"

Ká tó wí ká tó fọ̀, kíláàsì ti pín sí méjì. Àwọn kan ní kí ẹni tó rà á mú méjì, àwọn kan ní àlejò ni ká kọ́kọ́ fún. Aago lù, Eden kò rí ẹnì kankan bá parí ìṣirò rẹ̀. Rosemary, tíṣà Gẹ̀ẹ́sì, ló máa ń ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá rí kọ́ sínú ìwé kan lópin ọ̀sẹ̀. Lọ́sẹ̀ náà, Màmá kọ ìlà kan péré: "Mo kọ́ pé Eden kò ní ẹ̀gbọ́n."

Ohun tí Màmá kórìíra jù lọ láyé ni họlidé. Bí wọ́n bá ti ní sùkúù fẹ́ gba ìsinmi, ojú rẹ̀ á kọ́rẹ́ lọ́wọ́. "Kí ni mo ṣe fún wọn tí wọ́n fi ń lé mi lọ sílé?" Bí wọ́n bá lé e báyìí, kì í jókòó, á wá ẹ̀kọ́ lọ síbòmíràn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó gbọ́ pé láíbìrì ń ṣe ìdíje ìwé kíkà: ẹni tó bá ka ìwé mẹ́fà tán yóò gba mẹ́dà, àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n ń gbé kọ́rùn. Ó lọ. Obìnrin tó wà nídìí tábìlì ní, "Màmá, àwọn ọmọ ọdún mọ́kànlá sísàlẹ̀ ló wà fún."

"Ìwé mẹ́ta ni mo kà kí wọ́n tó yọ mí ní sùkúù," ni Màmá wí. "Ẹni tó wà ní ìwé mẹ́ta, ọmọ ọdún mélòó ni?"

Obìnrin náà rò ó títí, ó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Òun àti ọmọ ọdún méje kan tó ń jẹ́ Wúrà ló jọ sáré ìdíje náà dópin. Wúrà fi ọjọ́ kan ṣáájú rẹ̀. Títí Màmá fi kú, ohun tó ń sọ ni pé àwòrán ni Wúrà ń wò.

Ó gbé mẹ́dà náà kọ́rùn lórí sùtánà lọ́jọ́ Àìkú. Lẹ́yìn ìsìn, Wòlíì Sylvanus pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Màmá, ẹgbẹ́ wo ló fi yín joyè tí ìjọ ò gbọ́?"

"Ẹgbẹ́ àwọn tó ka ìwé mẹ́fà tán."

Wòlíì wo mẹ́dà náà títí, ó wá bèèrè bóyá wọ́n ṣì ń gba ọkùnrin.

Họlidé oṣù kẹwàá, ó mú Yéwándé dání lọ sí pápá ńlá kan ní Dagenham, níbi tí ọkùnrin kan ti ń mú àwọn ẹbí rìn kiri, tó ń kọ́ wọn ní orúkọ igi. Ó dúró nídìí igi kan, ó ní, "Oak nìyí."

"Mo ti gbọ́ orúkọ ẹ̀," ni Màmá wí. "Iṣẹ́ ẹ̀ ni mò ń bèèrè."

Ọkùnrin náà ní ẹyẹ àti kòkòrò ló ń gbé inú rẹ̀. "Ìyẹn ọ̀rọ̀ ilé," ni Màmá wí. "Tó bá jẹ́ inú rírun ńkọ́?" Kí ẹnikẹ́ni tó dá a lóhùn, ó ti já ewé kan, ó ti gbé e sẹ́nu. Gbogbo ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Yéwándé rìn lọ sẹ́bàá adágún omi, ó dúró, ó ń wo pẹ́pẹ́yẹ bí ẹni tó dá wá. Ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ó máa ń fà sẹ́yìn díẹ̀, kí wọ́n má baà mọ̀ pé ìyá rẹ̀ ni. Bó bá rántí rẹ̀ báyìí, a máa dùn ún.

Ẹ má sì rò pé eré lásán ni Màmá Fọlákẹ́ ń ṣe. Ní oṣù kejìlá, tíṣà ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan dìde níwájú èrò, kó fi ìṣẹ́jú márùn-ún sọ gbogbo ohun tó kọ́ ní kíláàsì àti nígbà họlidé. Wọ́n ní ènìyàn kan lè wá jókòó ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni Màmá fi ń sọ tirẹ̀ fún ìkòkò ní kíṣìnì. Ibẹ̀ ló ti sọ fún Yéwándé ohun tí kò sọ rí.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Màmá nígbà náà, ní abúlé kan lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Igbó. Ó gba ipò kìíní. Ìyá rẹ̀ búra pé òun yóò wá síbi tí wọ́n ti fẹ́ fún wọn lẹ́bùn. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀, ó jáde, ọ̀gá ilé ìwé wá gbójú sókè, ó ní, "Ta ni ìyá akẹ́kọ̀ọ́ yìí? Kó wá dúró tì í." Kò sí ẹni tó dìde. Ọjọ́ gàrí yíyan lọjọ́ náà, ìyá rẹ̀ ti bọ́ sóko. Ní táàmù tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní kó jókòó sílé kó máa gbé àbúrò pọ̀n.

"Mi ò bínú sí i," ni Màmá wí, ó ń ro ọbẹ̀ lọ. "Iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wù mí kó rí mi."

Yéwándé sún mọ́ ọn. "Màá wá, Mummy. I promise. Ṣé kí n búra?"

"Ẹ má wulẹ̀ búra, ìyá mi. Ti ìjọ́sí náà, ẹ búra."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín débi tí ọbẹ̀ fi fẹ́ jóná.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, Túbọ̀sún, ẹnì kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, pe Yéwándé lórí fóònù pé ṣé ó lè bá òun gba iṣẹ́ ọ̀sán, òun ní ibi tí òun ń lọ. Kò tíì sọ ọ́ tán tí Yéwándé fi ní kò burú. Ká sọ òótọ́, kì í ṣe àánú Túbọ̀sún ló ṣe é. Ó ti ń rí i bí Màmá yóò ṣe na ìka sí i láàárín èrò pé ìyá òun nìyẹn, bí gbogbo ilé yóò ṣe bú sẹ́rìn-ín. Ojú ló ń tì í, iṣẹ́ ló sì fi bojú.

Ó pe Màmá, ó ní wọ́n fún òun níṣẹ́ ọ̀sán. Màmá ní, "Kò burú. Iṣẹ́ niṣẹ́."

Nígbà tó délé nírọ̀lẹ́, sáàtífíkéètì wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ iyọ̀. Màmá bu oúnjẹ fún un, ó bi í bóyá ọkọ̀ ojú irin kò pẹ́. Kò sọ ohunkóhun nípa ọjọ́ náà. Yéwándé ní òun yóò bi í lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí ara bá tù wọ́n. Àìkú kọjá, Kérésìmesì kọjá. Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kìíní, ikọ́ mú Màmá, ó lo ọjọ́ mẹ́rin ní ọsibítù, ó kú. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Yéwándé kò bi í.

Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín tán, Rosemary pè é pé àwọn ẹrù Màmá ṣì wà ní kọ́bọ́ọ̀dù kíláàsì. Yéwándé gba ibẹ̀ lọ nígbà tó ti ibi iṣẹ́ dé. Rosemary gbá a mọ́ra.

"Inú mi máa ń dùn pé ẹ wá lọ́jọ́ tó sọ̀rọ̀," ló wí.

Yéwándé gbójú sókè wò ó.

"Mo ní ká dúró dè yín díẹ̀ sí i. Ó ní ẹ ti dé, ẹ wà lẹ́yìn dígí ilẹ̀kùn yẹn, pé aṣọ iṣẹ́ ló wà lọ́rùn yín lójú fi ń tì yín láti wọlé. Ó juwọ́ sí yín lẹ́ẹ̀mejì. Ojú mi ò ríran jìnnà, ṣùgbọ́n èmi náà juwọ́."

Yéwándé yíjú wo ilẹ̀kùn. Ohun tó wà lẹ́yìn dígí náà kò ju agolo ìpaná pupa kan tí wọ́n gbé kọ́ ògiri. Ó fẹ́ sọ òótọ́, ó ti la ẹnu. Ṣùgbọ́n Màmá ti sọ fún gbogbo ènìyàn pé Yéwándé wá. Ta ni òun tí yóò pe ìyá òun ní onírọ́ níwájú tíṣà rẹ̀?

"Bẹ́ẹ̀ ni," ló wí. "Aṣọ iṣẹ́ ló wà lọ́rùn mi." Ó nu ojú. "Mi ò gbọ́ ohun tó sọ dáadáa láti ibẹ̀ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè sọ ọ́ fún mi?"

Rosemary bú sẹ́rìn-ín. "Ìṣẹ́jú márùn-ún la fún un. Ó lo mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Eden nawọ́ sí aago fún un, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Eden, ó ní òun ti rí i."

Ó fa àga kan fún Yéwándé, òun fúnra rẹ̀ lọ dúró síwájú níbi tí Màmá dúró sí, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìkíni. Níbi tó bá ti pa Yéwándé lẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín. Níbi tí kò bá ti lè pa ẹkún mọ́ra, Rosemary a dúró dè é. Nígbà tó parí, Yéwándé dìde, ó pàtẹ́wọ́. Òun nìkan ni òǹwòran tó wà níbẹ̀, ó sì ń pàtẹ́wọ́ náà títí àtẹ́lẹwọ́ fi ń ta á.