Adìẹ Tó Bá Ilé-iṣẹ́ Adójútòfò Jẹ́rìí

"Ní ọjọ́ ìpọ́njú, àwa ni òpó tí ẹ ó fara tì." Bẹ́ẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ adójútòfò ọkọ̀ mi wí.

Ọkọ̀ dojú dé lọ́nà Ìsẹ́yìn, ẹsẹ̀ mi kán. Bàbá tó ń to eegun ní Ṣakí tò ó, wọ́n sì ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìẹ kan: bí tirẹ̀ bá jinná, tèmi náà á jinná. Ilé-iṣẹ́ ní àwọn ò ka irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ sí.

Lónìí, aṣojú wọn wá wò mí. Ó rí adìẹ lágbàlá.

"Bàbá Tíṣà, ṣé adìẹ ẹsẹ̀ yín nìyẹn?"

"Òun ni."

"Ó mà ti ń sáré! Ara yín ti yá nìyẹn, a ò san nǹkan kan mọ́."

Èmi rèé lórí ẹní, mi ò lè dá dìde.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ilé-iṣẹ́ tí kò gba bàbá tó to eegun gbọ́, báwo ló ṣe gba adìẹ rẹ̀ gbọ́?