Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ Martha Kò Tòrò Mọ́

Ìkòkò kẹta nìyí tó kọ̀ láti tòrò. Martha bu díẹ̀ sínú gíláàsì, ó gbé e sójú oòrùn. Ó rú bí omi ògì. Ó tọ́ ọ wò: adùn ti lọ, kíkan ti dé, gbogbo rẹ̀ wà bó ṣe yẹ, àfi ojú rẹ̀.

Ojú yẹn sì ni wọ́n fi ń mọ ọtí rẹ̀. Ó ti tó ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tó ti ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ lẹ́yìn Ọjà Igbó. Ti àwọn ẹlòmíì máa ń rú, tirẹ̀ máa ń mọ́ bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Baba Ọládépò tó máa ń rìn láti Takie wá mu ún gbé ife sókè wò.

"Ìyá Precious, ṣé ògì lẹ wá ń tà ni?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Martha nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Kì í ra ìwúkàrà. Bí ìkòkò bá ti tán, yóò da ohun tó léfòó nù, yóò bu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó dì sísàlẹ̀ sínú orù kékeré, òun ni yóò fi pọn òmíràn. Bí ìyá rẹ̀ ṣe ń ṣe é ní Iresa nìyẹn, ọwọ́ ìyá náà ló sì ti gba gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọ̀hún nígbà tó ń bọ̀ nílùú. Ìyá ti kú láti ọdún mọ́kànlá. Kò sẹ́ni tó tún ní in. Ní báyìí, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kò dì mọ́, ńṣe ló ń ṣàn bí omi.

Comfort, àbúrò rẹ̀, pè é láti Ọ̀yọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dà á nù jàre, kẹ́ ẹ lọ ra yíìsì oníbúrẹ́dì. Nǹkan tó ti kú ti kú."

"Ta ló sọ fún ọ pé ó ti kú?"

"Ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́ lánàá!"

Òótọ́ ni. Martha fún un di ọjọ́ Sátidé. Bí kò bá yí padà, yóò dà á nù.

Lọ́jọ́bọ̀, Olúwaṣèyí, ọmọ Comfort, tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò yunifásítì kan nílùú tí Martha ń gbé, wá bu díẹ̀ sínú ìgò. Ó padà dé lọ́jọ́ Ẹtì pẹ̀lú àwòrán nínú fóònù rẹ̀: àwọn ohun róbótó kéékèèké, kálukú lọ́tọ̀.

"Bígí Mọ́mì, kò kú o. Wọn ò kàn dì mọ́ra wọn ni."

Ó ṣàlàyé pé ohun abẹ̀mí ni ìwúkàrà, tó kéré ju ohun tí ojú lè rí. Ní òde ara irú ìwúkàrà ti Martha, èròjà purotéènì kan yọ síta bí ọwọ́. Ọwọ́ yẹn máa ń di ṣúgà tó wà lára ẹnìkejì mú. Bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn bá ti so pọ̀, wọ́n á wúwo, wọ́n á rì.

"Ṣúgà kún inú ọtí," Martha ní. "Kí ló dé tí wọn ò di ìyẹn mú?"

"Wọ́n ń dì í mú. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í tòrò àfi tí adùn bá lọ."

"Adùn ti lọ, wọn ò tíì dì."

"Mo fura sí kálísíọ̀mù, èròjà kan tó máa ń wà nínú omi. Tí kò bá sí i, ọwọ́ yẹn ò lè di nǹkan mú. Omi wo lẹ ń lò?"

"Omi tó mọ́ jù lọ ni."

Omi òjò ni. Lẹ́yìn Àjíǹde, Precious, ọmọ rẹ̀, ra táńkì fún un, Martha sì kọ kànga sílẹ̀. Omi kànga náà kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó, ó sì máa ń fi èépá funfun sínú kẹ́tùrù tí Martha ń fi ọ̀bẹ họ.

"Èépá yẹn gan-an," Olúwaṣèyí ní. "Kálísíọ̀mù wà nínú ẹ̀."

"Ó dá ọ lójú?"

"Rárá. Ẹ jẹ́ ká dán an wò."

Wọ́n bu ọtí rírú sínú ìgò méjì. Wọ́n bu ife omi kànga kan sí àkọ́kọ́, ife omi òjò kan sí èkejì, wọ́n sì mì wọ́n pọ̀. Kò pẹ́ tí ti kànga fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣù bíi wàrà. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ó ti mọ́ lókè. Èkejì ṣì rú.

Ìyẹn ò tẹ́ Martha lọ́rùn. "Bóyá ìgò yìí ló dọ̀tí." Ó bu omi kànga sí èkejì, ó mì ín, ó jókòó tì í. Òun náà ṣù.

Nígbà náà ló tó mí kanlẹ̀. Ó rọra da omi orí ìgò méjèèjì nù, ó bu ìṣàlẹ̀ wọn sínú orù. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, omi kànga ló fi rẹ àgbàdo tuntun.

"Ó dáa tẹ́ ẹ tètè padà sí omi kànga," Olúwaṣèyí ní. "Ká ní ẹ ti ń bu èyí tó léfòó, tí kì í dì, pa mọ́ fúngbà pípẹ́ ni, irú tó ń dì yìí lè pòórá pátápátá."

Martha nawọ́ sí orù náà. "Ṣé fíríìsà wà níbi iṣẹ́ yín?"

"Ó wà, mà."

"Bù díẹ̀ lọ síbẹ̀. Èmi náà ò ní wà títí."

Olúwaṣèyí bù ú sínú ìgò kékeré kan, ó fa bírò yọ. "Kí ni kí n kọ sára ẹ̀?"

"Orúkọ ìyá àgbà rẹ ńkọ́?"

Ó kọ ọ́: *Olúyẹ́misí, Iresa*. Ó fi déètì sábẹ́ rẹ̀.