Ọṣẹ Tó Gba Igi Lọ́wọ́ Rẹ̀

Kọ ọ́ sílẹ̀, ọmọ ọmọ mi: ẹnu ni mo fi gba igi lọ́wọ́ akin.

Gánà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira nígbà náà, èmi àti ọkọ mi ń ta ọṣẹ dúdú ní ọjà Odawna níbẹ̀. Omi òjò ṣàn láti orí tapólì tí a fi bo ìsọ̀ wa sórí aṣọ tí ọkùnrin kan, ọmọ ìbílẹ̀ Gáà, pàtẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ó na igi sí ọkọ mi.

"Alata, ẹ padà sílùú yín." Alata ni wọ́n ń pe àwa tí à ń sọ èdè yìí níbẹ̀.

Ọkọ mi náà ti ń ká apá aṣọ sókè. Mo bọ́ sáàárín wọn, mo rọra bi ọkùnrin náà pé, "Ẹ̀gbọ́n, ọṣẹ wo lẹ fi wẹ̀ láàárọ̀?"

"Alata samina."

Ọṣẹ Aláta, bí wọ́n ṣe ń pe ọṣẹ wa nìyẹn.

Mo ní, "Táwa bá wá lọ, ta ni yóò máa wẹ̀ yín?"

Ẹ̀rín pa á. Igi yẹn náà ló fi bá wa ti tapólì sókè, kí omi lè gba ibòmíràn.